Bátìrì mẹ́ta nínú ọkọ̀ ojú omi kan: kí ni ó ń pa wọ́n lọ́dọọdún?

Ọlọ́kọ̀-Ganaja

Ẹ̀yin ará ilé, okun o. Ọkọ̀ ojú omi onífáíbà kan ni mo ní, tí mo máa ń so mọ́ etí omi ní Ganaja, kò jìnnà sí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé ní Lọ́kọ́jà. Bátìrì mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán, òun ni ó ń ta ẹ́ńjìnnì jí. Méjì yòókù jẹ́ 100 Ah lọ́kọ̀ọ̀kan (amp-wákàtí, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè kó pamọ́), irú èyí tí a ń ṣí ìdérí rẹ̀ bu omi sí. A so àwọn méjèèjì pọ̀, àwọn ni ó sì ń gbé pọ́ǹpù tí ń fa omi inú ọkọ̀ dànù, iná, rédíò àti fóònù àwọn ọmọ ọkọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo dé etí omi ní ìdájí, ìdí ọkọ̀ ti rì débi pé ó ku díẹ̀ kí omi dé orí ẹ́ńjìnnì. Mo tẹ súwíìṣì pọ́ǹpù, ó dún táì lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Korobá ni èmi àti ọmọkùnrin méjì fi gbọ́n omi náà títí oòrùn fi mú.

Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé ọdún kẹta rèé tí mo ń ra bátìrì lọ́dọọdún. Tí agbára wọn bá ti rẹ̀, mo máa ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi iná sí bátìrì létí títì. Wọn á bu áásìdì sí i, wọn á sì so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ wọn títí di alẹ́. Kí ni mò ń ṣe tí kò tọ́? Ṣé kí n ra ẹyọ kan sí i, kí wọ́n di mẹ́rin, kí agbára wọn lè pọ̀?

Rewáyà-Kàbà

Àbúrò, o kú ewu omi. Má tíì ra ohunkóhun. Yá mítà tí ń ka volt lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ní, ṣùgbọ́n kí o tó fi kan bátìrì rẹ, tú wáyà tí ó so àwọn méjì yẹn pọ̀, nítorí bátìrì méjì tí a so pọ̀, ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, èyí tí ó sàn á sì máa bo àṣírí èyí tí ó ti bàjẹ́. Orí nẹ́gátíìfù ni kí o kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí o so kẹ́yìn, kí sípánà má baà kan irin kí iná sì fò lójú rẹ. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí wọ́n kún lórí ẹ̀rọ iná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí o sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìgbé ẹrù kankan sí wọn lọ́rùn. Iye tí mítà bá pè ní kété tí bátìrì kúrò lórí ẹ̀rọ, irọ́ ni.

Bí bátìrì oníòjé, irú èyí tí o ní yìí, bá kún tí ó sì ti sinmi, 12.6 tàbí 12.7 volt ni o máa rí. Bí o bá rí 12.2, ìdajì ni ó kù. Bí kò bá tó 12, ebi ti ń pa á gidigidi. Sọ ohun tí o bá rí fún wa, kí o sì sọ ọjọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ọlọ́kọ̀-Ganaja

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo ti ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. Bátìrì ẹ́ńjìnnì jẹ́ 12.6. Ti àwọn méjì yòókù, èyí tí mo rà lọ́dún yìí jẹ́ 12.3, èyí tí mo rà lọ́dún tó kọjá jẹ́ 10.5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni mo gbé àwọn méjèèjì kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo tún ṣí àwọn ìdérí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí. Márùn-ún nínú wọn, omi wọn mọ́. Ẹ̀kẹfà, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósítíìfù, omi rẹ̀ dúdú bí ìgbà tí ènìyàn fi èédú fọ ọwọ́.

Olùkọ́-Ìsánlú

Ẹ jẹ́ kí n bá yín ka 10.5 yẹn, nítorí òun gan-an ni ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Bátìrì tí a ń pè ní 12 volt, yàrá mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí 2.1 volt wá. Mẹ́fà lọ́nà 2.1 jẹ́ 12.6. Yọ yàrá kan kúrò, ó ku 10.5. Yàrá tí omi rẹ̀ dúdú yẹn ti kú: òjé ti bọ́ lára àwọn péléètì rẹ̀, ìyẹn àwọn abala òjé pẹlẹbẹ inú rẹ̀, ó ṣubú sí ìsàlẹ̀, ó sì ti so pósítíìfù inú rẹ̀ mọ́ nẹ́gátíìfù.

Ẹ wá wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí irú èyí bá wà lára ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ara rẹ̀ le. Ní òru, kí ẹnikẹ́ni tó tan iná kankan, èyí tí ó sàn á máa da agbára tirẹ̀ sínú èyí tí ó kú, nítorí ọ̀kan wà ní òkè 12, èkejì kò sì lè kọjá 10.5. Nígbà tí ẹ bá tún gbé àwọn méjèèjì sórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á máa ti 14.4 volt sí wọn; yàrá mẹ́fà ni ó yẹ kí ó pín in, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan rí 2.4, ṣùgbọ́n yàrá márùn-ún ni ó ń pín in nínú èyí tí ó ṣàìsàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba 2.88. Omi wọn á máa hó. Ìyẹn ni pé òkú náà ń jẹ gbogbo iná tán, alààyè ń lọ sílé pẹ̀lú ebi. Bí ẹ bá ra ẹ̀kẹrin tí ẹ sì so ó mọ́ wọn, ẹ kàn fẹ́ bọ́ òkú náà dáadáa sí i ni.

Nítorí náà ni a kì í fi so ti ọdún yìí mọ́ ti èṣí, kódà bí àwọn méjèèjì bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ó gbó máa ń tètè kún, ó sì máa ń tètè tán. Ìwọ̀n tirẹ̀ ni èyí tí ó jẹ́ tuntun yóò máa bá a rìn.

Afináṣọ̀ọ́-Gbẹdẹ

Èmi náà ń fi iná sí bátìrì létí títì, ní Ayétòrò Gbẹdẹ, ẹ má sì fi gbogbo ẹ̀bi rù wá. Bátìrì 100 Ah tí ó ṣófo, tí a bá fún un ní 10 amp, wákàtí mẹ́wàá kò tó o, nítorí bí ó bá ti ń súnmọ́ kíkún ni ó ń lọ́ra láti gbà. Ṣùgbọ́n oníbàárà á gbé e wá ní aago mẹ́wàá àárọ̀, á sì ní òun fẹ́ gbé e lọ ní aago mẹ́rin. Kí ni mo lè ṣe? Mo lè fún un ní iná líle kí ó gbóná, tàbí kí n gbé e fún un ní ìdajì. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdajì ni mo ń gbé fún un, òun náà kò sì bèèrè.

Ti áásìdì bíbù, mo gbà pé àṣìṣe wa ni. Ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń bù ú nítorí pé bátìrì náà á tètè ta ẹ́ńjìnnì jí lọ́jọ́ náà, oníbàárà á sì yìn ín.

Olùkọ́-Ìsánlú

Òótọ́ ni wọ́n sọ, mo sì dúpẹ́ pé ẹni tí ó wà nínú iṣẹ́ náà ni ó sọ ọ́. Omi ni ó ń tán nínú bátìrì, áásìdì kì í tán. Bí omi bá ti hó lọ, áásìdì tí ó ṣẹ́ kù á le sí i. Ẹni tí ó tún bu áásìdì lé e ń sọ ọ́ di ohun tí yóò jẹ péléètì ní kíá. Omi bátìrì tí ó mọ́, tí kò ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú, tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì, nìkan ni kí ẹ bù sí i. Omi ọ̀rá tí a ń mu kò dára fún un, omi odò kò yẹ ká tilẹ̀ máa sọ ọ́. Lẹ́yìn tí bátìrì bá kún iná tán ni kí ẹ bu omi náà, nítorí omi inú rẹ̀ máa ń ga sókè nígbà tí ó bá ń gba iná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé orí péléètì ti gbẹ, ẹ kọ́kọ́ bo péléètì náà mọ́lẹ̀ kí ẹ tó so ó mọ́ ẹ̀rọ.

Ìyá-Ẹlẹ́ja

Ọmọ mi, Ọlọ́run kó ọ yọ. Ọkọ̀ méjì ni mo ní ní ẹ̀bá odò ní Àdánkọ́lọ́, mo sì ti sin bátìrì tí mi ò lè kà. Èyí tí ó dùn mí jù ni ti ọdún 2022, nígbà tí omíyalé gba Lọ́kọ́jà. Mo yára kó bátìrì mẹ́rin gòkè lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé wọn sórí pákó, mo fi ọ̀rá bò wọ́n, mo sì ń dúpẹ́ pé omi kò gbé wọn lọ. Oṣù méjì àti ààbọ̀ ni wọ́n fi wà níbẹ̀ láìsí ẹni tí ó wò wọ́n. Nígbà tí mo padà kó wọn, kò sí ẹyọ kan tí ó gba iná mọ́. Omi kò pa wọ́n, èmi ni mo fi ebi pa wọ́n.

Nítorí ìdajì iná ni ó wà nínú wọn nígbà tí mo kó wọn sílẹ̀. Bátìrì tí a gbé kalẹ̀ ń tú agbára rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, ooru wa sì ń mú un yá sí i; bí a bá sì fi sílẹ̀ láìkún, ohun funfun kan á máa le mọ́ ara òjé inú rẹ̀, èyí tí iná kò lè tú mọ́ bí ó bá pẹ́. Láti ìgbà náà, èmi kì í tọ́jú bátìrì tí kò kún. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀: ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, ọmọ-ọmọ mi á fi mítà kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì kọ iye wọn sílẹ̀. Ìwé yẹn ni ó ń sọ fún mi, kí pọ́ǹpù tó kọṣẹ́, pé ọ̀kan ti ń fà sẹ́yìn lára ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tí ó wú bí èérún iyọ̀ ní orí bátìrì, ẹ po ṣódà tí a fi ń ṣe kéèkì mọ́ omi, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tí ó ti gbó fọ̀ ọ́ títí kò fi ní hó mọ́, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ, ẹ so wáyà padà kí ó le dáadáa, kí ẹ tó wá fi gíríìsì pa á. Kí ẹ sì rí i pé ìdérí rẹ̀ dé pinpin kí omi ṣódà má baà wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bátìrì tí àwọn ọmọ mi pè ní òkú, wáyà orí rẹ̀ ni ó ń mì.

Apẹja-Jamata

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ṣé kì í ṣe bátìrì lithium, irú tí kì í ṣe oníòjé, ni kí wọ́n kàn rà kí wàhálà parí? Ọ̀rẹ́ mi kan ní i, kì í bu omi sí i, ó fúyẹ́, ó sì ń lò ó tán pátá.

Rewáyà-Kàbà

Ó dára, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ń fi iná sí bátìrì oníòjé lè má bá a mu, a kì í sì í so ó mọ́ oníòjé ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ewu kan tún wà tí àwọn tí ń tà á kì í sọ: pátákó kan wà nínú rẹ̀ tí ń ṣọ́ ọ, tí ó lè gé iná lójijì bí ó bá rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ó bá gé e nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, iná tí ẹ́ńjìnnì ń mú wá kò ní rí ibi lọ mọ́, ó sì lè jó ẹ̀yà tí ń sọ iná ẹ́ńjìnnì di ti bátìrì. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó bá tú wáyà bátìrì, tàbí tí ó bá yí súwíìṣì bátìrì kọjá ibi tí ó ti pa, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń dún. Ẹ jẹ́ kí àbúrò wa kọ́kọ́ mọ bí a ti ń bọ́ èyí tí ó ní.

Ní báyìí, bí a ṣe lè fi iná sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìjẹ́ pé ọ̀kan ń jẹ èkejì ni ó kù. Ti ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ dá wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó sáré fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ó sì sinmi. Àwọn péléètì rẹ̀ tín-ín-rín, bí o bá fi gbé rédíò àti iná mọ́jú ní ìgbà mélòó kan, ó parí. Àwọn méjì yòókù ni kí ó gbé ẹrù ilé, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n lọ sí ìsàlẹ̀ ìdajì. Láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì, àwọn kan máa ń fi dáyóòdì, ẹ̀yà tí ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, sí i, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ nǹkan bí 0.7 volt nínú iná tí ó bá gba inú rẹ̀ kọjá, bátìrì kò sì ní kún láé bí ẹ̀rọ kò bá mọ̀ láti fi kún un. Èmi fẹ́ràn rílèè tí ń wo volt, ìyẹn súwíìṣì tí ń tan ara rẹ̀ tí ó sì ń pa ara rẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbé bátìrì rẹ̀ dé nǹkan bí 13.3, á so ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀. Bí ó bá lọ sílẹ̀ sí bíi 12.8, á tú wọn ká. Ẹnikẹ́ni kò ní láti rántí yí súwíìṣì kankan, àwọn ọmọ ọkọ̀ wa kì í sì í rántí.

Ọ̀nà tí a gbà so wáyà náà ṣe pàtàkì. Bí àwọn méjì bá wà pa pọ̀, má ṣe mú pósítíìfù àti nẹ́gátíìfù jáde láti ara ọ̀kan ṣoṣo. Mú pósítíìfù lára èyí tí ó wà lápá ọ̀tún, kí o mú nẹ́gátíìfù lára èyí tí ó wà lápá òsì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tí ó súnmọ́ wáyà ni yóò máa ṣe gbogbo iṣẹ́, èkejì á máa jókòó bí àlejò.

Onísólà-Mọ̀pà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì nìkan. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í mú iná púpọ̀ wá, nígbà tí ó bá sì ń rọra dún ní èbúté, díẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ọkọ̀ tí ń rìn fún ogún ìṣẹ́jú tí ó sì ń dúró fún wákàtí mẹ́ta kò lè kún àwọn 100 Ah méjì. Páńẹ́ẹ̀lì sólà 100 watt kan, ní ọ̀sán gangan, lè mú amp márùn-ún wá, kí ó sì kó nǹkan bí 20 Ah jọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí bátìrì méjèèjì bá wà ní ìdajì, ìyẹn ni pé ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà ni ọ̀kan yóò fi bá wọn jà kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ tan iná. Méjì ni kí ẹ fi sórí ìbòrí ọkọ̀, kí ẹ sì nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú wọn.

Kọ́ńtírólà sólà, ẹ̀rọ tí ń ṣàkóso iná tí páńẹ́ẹ̀lì ń fún bátìrì, gbọ́dọ̀ wà láàárín, kí ẹ sì wo ohun tí ẹ yàn sínú rẹ̀. 14.4 volt tí wọ́n ń kọ sínú ìwé, ibi tí ooru jẹ́ 25°C ni wọ́n ń sọ. Nínú àpótí bátìrì ní Lọ́kọ́jà ní oṣù kẹta, ó lè tó 40. Fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí ó bá lé ní 25, a ń yọ nǹkan bí 0.02 sí 0.03 volt, nítorí náà, 14.0 ni yóò tó o nígbà náà. Ẹ ra kọ́ńtírólà tí ó ní wáyà kékeré tí ń fi ọwọ́ kan ara bátìrì láti mọ ooru rẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kí àpótí náà ní ojú ihò ní òkè, nítorí gáàsì tí bátìrì ń tú jáde nígbà tí ó bá ń gba iná máa ń bú gbàmù bí iná sìgá lásán bá kàn án. Mo ti rí ọ̀kan tí ó bú. Ẹni náà ṣì ní ojú rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó ní.

Ọlọ́kọ̀-Ganaja

Mo padà wá jíṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ta òkú bátìrì náà fún àwọn tí ń ra àlòkù òjé. Nítorí ọ̀rọ̀ Olùkọ́, n kò fi tuntun kan mọ́ èyí tí ó jẹ́ 12.3, mo gbé òun lọ sílé láti máa tan iná yàrá, mo sì ra méjì tí ó jẹ́ irú kan náà lọ́jọ́ kan náà, èyí sì dùn mí ní àpò, n kò ní purọ́. Rewáyà kan ní Fẹ̀lẹ́lẹ́ bá mi fi rílèè sí i, ó sì so wáyà ní igun sí igun bí ẹ̀gbọ́n ti wí. Páńẹ́ẹ̀lì méjì wà lókè. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, kí oòrùn tó yọ, mo kà 12.7, 12.6 àti 12.6. Ìyá, mo ti ra ìwé kékeré tèmi.

Òjò ìkẹyìn rọ̀ lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọkọ̀ gbẹ ní àárọ̀. Mo so pọ́ǹpù náà tààrà mọ́ bátìrì, láìgba inú súwíìṣì ńlá, kí ó lè máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí a tilẹ̀ pa gbogbo nǹkan yòókù, mo sì fi fíúsì 20 amp sí i.

Rewáyà-Kàbà

O ṣeun, àbúrò, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n 20 ti pọ̀ jù fún pọ́ǹpù kékeré. Wo ara pọ́ǹpù náà, wọ́n kọ iye fíúsì rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ju 5 lọ. Bí ọ̀rá tàbí koríko odò bá dè é mọ́lẹ̀ lóru tí kò sì lè yí, 20 kò ní já, wáyà ni yóò jó. Kí o sì fi fíúsì náà súnmọ́ orí bátìrì, má ṣe fi sí ẹ̀bá pọ́ǹpù.

Ọlọ́kọ̀-Ganaja

Ẹ̀gbọ́n, 3 amp ni wọ́n kọ sí i lára. Mo ti ń lọ sí etí omi báyìí láti pààrọ̀ rẹ̀.